Ẹwà Abọ́ Kọ́ Ni Oúnjẹ Ọmọ

Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di ọ̀sán nílò oúnjẹ gidi láàárín, kí ọkàn rẹ̀ lè wà níbi ohun tí olùkọ́ ń wí. Gbogbo wa ni a mọ èyí. Síbẹ̀, bí a bá ṣí àpò ọ̀pọ̀ ọmọ ní àkókò ìsinmi, bisikíìtì àti ohun mímu aládùn ni a ó bá níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọn kò fẹ́ràn wọn. Ilẹ̀ ni ó mọ́ bá wọn lójijì, ọkọ̀ ilé-ìwé ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí ọwọ́ kọ́kọ́ bà ni wọ́n sì gbé fún ọmọ.

Lóde òní, abọ́ oúnjẹ ọmọ aláràbarà pọ̀ lórí àtẹ ní ọjà wa, èyí tí a pín inú rẹ̀ sí yàrá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. A lè fi í wé àṣà àwọn ará Japan tí wọ́n ń pè ní bento. Ìrẹsì, ẹja tàbí ẹran, àti ẹ̀fọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń tò sínú àpótí kékeré, kí ojú lè jẹ ẹ́ kí ẹnu tó jẹ ẹ́. Àṣà náà dára, àwa náà kò sì ṣe àjèjì sí i. Ẹ̀kọ inú ewé àti mọ́ínmọ́ín inú ewé jẹ́ oúnjẹ tí a lè gbé rin ìrìn-àjò: wọn kì í dànù, ìdì kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Èrò tèmi ni pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹwà abọ́ bo àìpé oúnjẹ mọ́lẹ̀. Ìdì mọ́ínmọ́ín kan nínú ewé sàn ju abọ́ olówó ńlá tí ó kún fún bisikíìtì lọ.

Ohun mẹ́ta ni kí a máa wá sínú oúnjẹ ọmọ. Èkíní ni oúnjẹ afúnnilókun: ìrẹsì, iṣu, dùndún, ẹ̀kọ, ànàmọ́ tàbí búrẹ́dì. Èkejì ni oúnjẹ amáradàgbà: mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹyin, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, tàbí ẹran tí a gé kéékèèké. Ẹyin kan ṣoṣo ní purotéènì tí ó tó gírámù 6 nínú. Bí owó ẹyin bá ga jù, ẹ̀wà àti ẹ̀pà lè dúró ní ipò rẹ̀; ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ jẹ odidi ẹ̀pà, nítorí ó lè há a lọ́fun. Ẹ̀kẹta ni èso àti ẹ̀fọ́ tí ń ran ara lọ́wọ́ láti dènà àìsàn: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, káróòtì, àgbálùmọ̀ ní àsìkò rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé mọ́ínmọ́ín àti ọsàn bá ara wọn mu gan-an. Èròjà irin wà nínú ẹ̀wà, ó sì wúlò fún ẹ̀jẹ̀. Fítámì C inú ọsàn sì ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin náà.

Omi tí ó mọ́ ni kí ó tẹ̀lé oúnjẹ náà. Ní ti ohun mímu aládùn, ẹ máa ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀. Bí ṣúgà bá jẹ́ gírámù 10 nínú mililítà 100, ìgò tí ó gba mililítà 350 ní gírámù 35 nínú, èyí tí ó ju ṣíbí tíì mẹ́jọ lọ. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ American Heart Association, tí ó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu ọmọ ọdún 2 sí 18 má tó gírámù 25 ní ojúmọ́. Ìgò kan péré ti kọjá ìwọ̀n náà.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ìyá nípa ìlera náà ti ṣe àṣìṣe rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo pẹ́ jí, mo bu ìrẹsì tí ó ti wà nínú ìkòkò láti alẹ́, mo gbé e kaná kí ó lè lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, mo sì dé e mọ́ inú fùláàsì ọmọ mi. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ń bì, inú sì ń rún un. A dúpẹ́ pé ara rẹ̀ yá ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ náà ni mo mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pe ọ̀nà ọ̀fun ní ọ̀nà ọ̀run. Kòkòrò àìfojúrí kan máa ń wà lára ìrẹsì, irúgbìn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí sísè kì í pa á tán. Bí ìrẹsì sísè bá pẹ́ nílẹ̀ láìsí nínú òtútù, kòkòrò náà yóò pọ̀ sí i, yóò sì tu májèlé tí títún ìrẹsì gbé kaná kò lè mú kúrò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ibí yìí gan-an ni abọ́ aláràbarà ti kù díẹ̀ káàtó: kò lè mú ooru dúró títí di àkókò ìsinmi. Nítorí náà, ohun tí a sè ni kí ó wọ inú fùláàsì. Ẹ fi omi híhó ṣan fùláàsì náà, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì bu oúnjẹ sí i nígbà tí ó ṣì ń rú èéfín. Búrẹ́dì, ẹ̀pà àti èso tí a kò tí ì bó ni kí ó wà nínú abọ́ oníyàrá. Báyìí, àwọn méjèèjì yóò wúlò.

Ẹ lè ní, “Níbo ni àkókò wà?” Ìdáhùn mi ni pé alẹ́ ni a ti ń ṣètò oúnjẹ òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ pinnu ohun tí ọmọ yóò jẹ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ní alalẹ́, ẹ fọ fùláàsì àti èso, kí ẹ sì gbé ohun gbogbo sí ìtòsí, kí ó jẹ́ pé sísè nìkan ni yóò kù ní òwúrọ̀. Iṣẹ́ yìí kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ìyá nìkan. Bàbá lè gbé ẹyin kaná. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè yan èso tí ó wù ú, kí ó sì fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gé dùndún ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gé búrẹ́dì ní onígun mẹ́ta, kí inú ọmọ dùn nígbà tí ó bá ṣí i. Ọmọ tí ó bá bá wa di oúnjẹ kì í sábà gbé e padà wá sílé.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí ó dára jù tí ọmọ lè gbé lọ sí ilé-ìwé ni ara líle. Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àpò ọmọ yín, ẹ wo ohun tí ó gbé lọ ní òní, kí ẹ sì ṣètò ti ọ̀la.