Mọ́ọ̀dù Tó Bá Ìbọn Mu Ni Kí Ọdẹ Rà

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ kan máa ń yọ́ òjé, wọ́n á sì dà á sínú mọ́ọ̀dù láti fi ṣe ọta ìbọn wọn fúnra wọn kí ìnáwó lè dínkù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, mọ́ọ̀dù alumíníọ̀mù oníhò méjì, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Lee ń ṣe ní Wisconsin, ni kó rà. Ó fúyẹ́, ó tètè ń gbóná, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti onírin lọ. Onírin lágbára jù ú, àmọ́ ó máa ń dógùn-ún. Kó tó sanwó, kó kọ́kọ́ wọn ihò ìbọn rẹ̀. Ọta tó bá kéré ju ihò lọ kì í lọ tààrà. Ẹran tí kò kú lójú ẹsẹ̀ á sì máa joró, ìyẹn kò dáa. Owó tó ṣẹ́ kù, kó fi ra ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò ojú. Ní 327°C ni òjé ń yọ́. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lè mú un ta síni lára. Májèlé ni òjé, nítorí náà kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná rárá. Kó tún bèèrè òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀: láti July 2019 ni California ti fòfin de ọta olójé fún ọdẹ ṣíṣe.