Kí A Tó Pa Lẹ́jà Tì

Ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ rà láti máa fi ṣe ìwé owó wa ti di àríyànjiyàn. Àwọn ará Oǹdó ní ó ti sú àwọn láti máa wọkọ̀ wá s'Ákúrẹ́ nítorí àtimọ iye tó kù nínú ẹ̀yáwó wọn, òótọ́ sì ni. Àwa náà fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ìdánwò ni a ń bá ẹni tó fẹ́ tà á fà.

Ó ní òun ti dán an wò, gbogbo rẹ̀ pé. A ní, èwo nínú rẹ̀? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń dá ètò kọ̀ǹpútà kọ tán mọ́. Èyí tó ń ṣírò èlé, èyí tó ń bá bánkì sọ̀rọ̀, èyí tó ń tẹ rìsíìtì, àwọn ẹlòmíràn tí kò mọ̀ wá rí ló kọ wọ́n. Láíbúrárì ni wọ́n ń pè wọ́n. Bíríkìlà náà kì í fọwọ́ ara rẹ̀ mọ búlọ́ọ̀kù, a kò bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá là, ta ni onílé máa mú?

Nígbà ìdánwò, wọn kì í fẹ́ yọ bánkì lẹ́nu, ni wọ́n bá ṣe bánkì ọmọlangidi kan tí ètò wọn ń bá sọ̀rọ̀. Ó yá, kò sì náni lówó. Àmọ́ ọmọlangidi kì í ṣàìsàn. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ pé kó wí pé owó ti wọlé, ohun tí yóò máa wí náà nìyẹn. Bánkì gidi ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já lẹ́bàá Côte d'Ivoire, iṣẹ́ sì dàrú mọ́ àwọn bánkì kan lọ́wọ́ ní Nàìjíríà níbí. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ń san ẹ̀yáwó padà lọ́jọ́ yẹn, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, èsì kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ètò náà yóò kọ ọ́ pé kò san ni, àbí yóò tún yọ owó ọ̀hún lẹ́ẹ̀kejì? Ìdánwò tí a fẹ́ fojú rí nìyẹn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ni ayé gbọ́ nípa àlébù inú Log4j. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ, akọ̀wé bíi tiwa ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́ sí i lè mú kó ṣílẹ̀kùn fún olè. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú ohun tí àwọn ń lò, torí inú láíbúrárì mìíràn ló wà.

Èrò tiwa ni pé kí olùtajà kọ orúkọ gbogbo láíbúrárì inú rẹ̀ fún wa, àti ẹ̀dà tó lò, kó sì fọwọ́ sí i pé òun kò ní pààrọ̀ ọ̀kankan láìtún gbogbo rẹ̀ dán wò. Kó fi owó díẹ̀ dán an wò pẹ̀lú bánkì gidi lójú ìgbìmọ̀, ká sì pa íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín, ká wo ohun tí yóò ṣe. Lẹ́yìn náà kí lẹ́jà àti kọ̀ǹpútà jọ rìn fún oṣù mẹ́ta. Àwọn kan ní yóò náni lówó. Yóò náni, ṣùgbọ́n owó àjẹṣẹ́kù ẹlòmíràn la fẹ́ kó sínú ẹ̀.

Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò parí rẹ̀. Ẹ mú ìwé owó yín dání, ká fi wé lẹ́jà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà.