Ètò Kọ̀ǹpútà tí Ń Kọ́ni ní Ìṣẹ̀dá Ìró: Etí Ta ni Òdiwọ̀n?

Ní ọdún 2019 ni ilé-iṣẹ́ Ableton ní orílẹ̀-èdè Jámánì gbé Learning Synths jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tí ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí synthesizer ṣe ń ṣẹ̀dá ìró. Bí ènìyàn bá ti ń fa àmì kan lójú ẹ̀rọ ni ìró ń yí padà: ó ń ròkè, ó ń rodò, ó ń mú, ó ń kú. Etí yóò kọ́kọ́ gbọ́, kí àlàyé tó dé.

Ìtẹ̀síwájú gidi ni èyí. Nígbà tí John Chowning ṣàwárí ọ̀nà ìṣẹ̀dá ìró kan ní Yunifásítì Stanford ní 1967, ọ̀nà tí Yamaha wá lò nínú DX7 ní 1983, ó ní láti dúró kí kọ̀ǹpútà parí ìṣirò kí ó tó gbọ́ ohun tí ó ṣe.

Ìbéèrè tí ó kàn wá ni pé, etí ta ni a fi ṣe òdiwọ̀n? Púpọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí ń gbé kííbọ́ọ̀dù dùùrù síwájú akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ó pín ìró sí ìpele 12 ọgbọọgba. Ìlù dùndún kò rí bẹ́ẹ̀. Bí onílù bá fún okùn awọ rẹ̀ mọ́ra, ìró a yọ́ lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, a yọ́ wálẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí: ìlù àti ìlú. Ohùn ìsàlẹ̀ ni méjèèjì inú èkíní. Nínú èkejì, ohùn òkè tí ó kẹ́yìn kì í fò. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gòkè bọ̀. Lóòótọ́, synthesizer lè mú ìró yọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ ni a sábà máa ń kà á sí. Lọ́dọ̀ onídùndún, ìtumọ̀ ni. Ẹni tí ó kàn fẹ́ ṣe orin ijó lè má rí wàhálà níbẹ̀. N kò bá a jà.

Àwọn ẹlòmíràn náà ti fura. Ní 2021, Khyam Allami, olórin ọmọ Ìráàkì, àti ilé-iṣẹ́ Counterpoint gbé Leimma àti Apotome jáde, níbi tí ènìyàn ti lè pa ìpele 12 tì kí ó sì gbé ti ilẹ̀ tirẹ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ìpele náà ṣì ni. Ọ̀rọ̀ ìyọ́lọ kò tíì tán.

Lójú tèmi, Pure Data ni ó sún mọ́ wa jù. Miller Puckette ni ó ṣe é ní àwọn ọdún 1990. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í jẹ dátà mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ojú ìwé òfìfo ni ó ń gbé fúnni. Kò sí dùùrù níbẹ̀ àfi bí a bá ṣe é fúnra wa. Ó le ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè so àpótí tí ń bí ìró mọ́ èyí tí ń darí rẹ̀, kí ó ní kí ìró gbéra láti 120 hertz dé 170 kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, kí ó sì gbọ́ bóyá ìlú ni ó fọ̀ tàbí ìlù.

Níbo ni yóò ti rí iye wọ̀nyẹn? Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń fi Praat, ètò ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, wọn gíga ohùn. Ẹni tí ó bá gba ohùn dùndún sílẹ̀, tí ó wọ̀n ọ́n nínú Praat, lè gbé iye náà lọ sínú Pure Data lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀ka Orin àti Ẹ̀ka Èdè Yorùbá lè jọ ṣe iṣẹ́ yìí láìra ohun tuntun kankan, bí kọ̀ǹpútà kan àti fóònù tí ń gba ohùn sílẹ̀ bá ti wà.