Ta Ni Ó Ní Kí Ẹnì Kan Má Dá Kọ Ìtàn?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó yẹ kí a fi òwe yìí rán àwọn ọ̀mọ̀wé kan létí, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìtàn tàbí àṣà tí ẹnì kan ṣoṣo kọ sí ojú òpó tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìmọ̀. Wọ́n ní kò sí ilé ìtẹ̀wé tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ má tilẹ̀ yà síbẹ̀. Èmi náà ń kọ́ni ní yunifásítì, mo sì sọ pé èrò yìí kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó kọ ìtàn tiwa sílẹ̀? Ní ọdún 1911 tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé gbé Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde, kò sí yunifásítì kankan ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ìjọ ni Samuel Johnson ní Ọ̀yọ́, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó fún títẹ̀, ìwé náà sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tí ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀, ni ó jẹ́ kí ìwé náà jáde ní 1921. Ìwé yìí kan náà ni àwọn tí ń kẹ́gàn òǹkọ̀wé aládàáni ń tọ́ka sí lónìí!

Irú àdánù bẹ́ẹ̀ tún ti ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní 1994 ni GeoCities bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ́ ojú òpó tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àdúgbò àdúgbò ni wọ́n pín in sí, gẹ́gẹ́ bí ìlú: Athens wà fún ìwé àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, SunsetStrip fún àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì, Heartland fún ọ̀rọ̀ ẹbí àti ìtàn ìdílé. Àwọn ohun tí kò sí ilé ìtẹ̀wé tí yóò náwó lé lórí ni àwọn ènìyàn ń fi sùúrù kó jọ síbẹ̀. Yahoo rà á ní 1999. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ó tì í pa. Ti Japan nìkan ni ó kù títí di 2019. Díẹ̀ tí a rí gbà là, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ń jẹ́ Archive Team àti Internet Archive ni wọ́n sáré kó o.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Bí wọ́n bá dára, a óò kúkú rí wọn.” Irọ́ ni. Láti ìgbà tí Google ti dé ní 1998 ni ó ti ń wo iye ojú òpó mìíràn tí ó tọ́ka sí ojú ewé kan, kí ó tó mọ ipò tí yóò fi í sí. Òkìkí ni èyí ń wọ̀n, kì í ṣe òtítọ́. Ti àwa Yorùbá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá tẹ “owo” láìfi àmì sí i, ṣé owó ni ó ń wá ni, àbí òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀, tàbí ìlú Ọ̀wọ̀? Ojú ewé kékeré kan lórí ìtàn Ọ̀wọ̀ lè wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀ láé.

N kò sọ pé kò sí àṣìṣe nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú a máa gbe ìlú rẹ̀, bí Johnson náà ti gbe Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n a kò tìtorí èyí ju Johnson nù. Ńṣe ni a kọ́ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn. Iṣẹ́ olùkọ́ gan-an nìyẹn. Olùkọ́ tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má kà á rárá ti sá fún iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní ojú òpó, ẹ máa tọ́ka sí ara yín, kí ẹni tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan lè mọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Bí ẹ bá rí ojú ewé tí ó níye lórí, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sínú Wayback Machine lọ́jọ́ náà gan-an. Kò gba owó, kò sì gba ìṣẹ́jú púpọ̀. Johnson ní àbúrò tí ó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe gbogbo òǹkọ̀wé ni ó ní Obadiah.