Géèmù Lórí Linux: Ẹ̀rọ Lè Gbé E, Onígéèmù Ni Kò Gbà

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn fún Windows 10, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ti pẹ́ díẹ̀. Windows 11 kọ̀ láti wọ ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ọ̀hún ṣì le koko. Ṣé kí n gbé Linux sí i? Tí mo bá gbé e sí i, géèmù mi ńkọ́?

Èsì tí ẹ máa gbọ́ níbi púpọ̀ ni pé Linux ò wà fún géèmù. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ó jóòótọ́ nígbà kan, àmọ́ lónìí, ọ̀pọ̀ géèmù tí kò ṣiṣẹ́ lórí Linux, ẹni tó ni ín ló ní kó má ṣiṣẹ́. Ó yẹ ká mọ ẹni tí a ó bá wí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Géèmù kì í dá ya àwòrán fúnra rẹ̀. Ńṣe ló máa ń bẹ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà: bá mi ṣí fáìlì yìí, bá mi ya igi síbí, bá mi dún bí ìbọn. Géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows, èdè Windows ló fi ń bẹ̀bẹ̀, tó bá sì di ti àwòrán, èdè tó ń jẹ́ DirectX ló ń sọ. Linux ò gbọ́ DirectX, Vulkan lòun gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó wà nísàlẹ̀, ì báà jẹ́ Intel tàbí AMD, ọ̀kan náà ni fún àwọn méjèèjì. Ìṣirò tó wà nínú géèmù náà yé e láìsí pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yẹn nìkan ló ń fẹ́ ògbufọ̀.

Ògbufọ̀ ọ̀hún ti wà tipẹ́. Wine ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Linus Torvalds gbé Linux jáde ní Finland. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ògbufọ̀ akólòlò ni. Àwọn kan wá gba ọ̀nà mìíràn: láti 1998 ni Loki Software ní Amẹ́ríkà ti ń fọwọ́ tún géèmù kọ̀ọ̀kan ṣe fún Linux. Owó ò wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn ní 2002. Valve gbé Steam, ọjà géèmù wọn, wá sórí Linux ní 2013, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ Steam Machine jáde ní 2015. Ọjà ò tà. Ta ló fẹ́ ra ẹ̀rọ tí géèmù rẹ̀ kò pọ̀? Ta ló sì fẹ́ ṣe géèmù fún ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò rà?

Ẹni tó tú okùn yẹn, ọ̀kan nínú àwa tó ń gbá géèmù ni. Philip Rebohle fẹ́ gbá NieR: Automata lórí Linux, kò ṣeé ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ DXVK, tó ń túmọ̀ DirectX sí Vulkan. Valve gbà á síṣẹ́, wọ́n so DXVK mọ́ Wine, wọ́n sì gbé àpapọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ 2018, wọ́n pè é ní Proton. Ní 2022 ni Steam Deck dé, ẹ̀rọ àgbéléwọ́ tó jẹ́ Linux látòkèdélẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Elden Ring jáde. Lórí Windows, ó ń dá dúró gìdìgbà lójijì láàárín eré. Valve tún apá kan nínú ògbufọ̀ náà ṣe, ìdádúró yẹn sì dín kù lórí Steam Deck. Ẹ ò rí nǹkan! Ògbufọ̀ wá ń sọ̀rọ̀ já gaara ju ẹni tó ni èdè lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni géèmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òjóró pọ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíì á wá sọ́fítíwíà tó ń bá a fojú sun ìbọn. Láti mú irú wọn, àwọn onígéèmù gba ọlọ́dẹ kan tí wọ́n ń pè ní anti-cheat. Ọ̀pọ̀ lára ọlọ́dẹ yìí kì í dúró lẹ́nu géètì. Lórí Windows, inú kernel ni wọ́n ń wọ̀, yàrá inú lọ́hùn-ún tí gbogbo àṣẹ kọ̀ǹpútà ti ń jáde. Lórí Linux, Wine ò lè mú wọn débẹ̀, torí òun gan-an ò wọ yàrá yẹn. Kernel Linux tún jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè tú, kó tún un kọ bó ṣe wù ú, àwọn onígéèmù sì ní àwọn ò lè fọkàn tán an.

Ṣebí ọ̀nà wà? Láti 2021 ni Easy Anti-Cheat àti BattlEye, méjì tó lókìkí nínú àwọn ọlọ́dẹ yìí, ti lè bá Proton ṣiṣẹ́. Ó kù sọ́wọ́ onígéèmù kó fọwọ́ sí i. Fortnite ò fọwọ́ sí i. Apex Legends fọwọ́ sí i ní 2022, àwọn èèyàn gbá a, wọ́n náwó sí i, àfi bó ṣe di òpin oṣù Kẹwàá 2024 tí EA tún ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní orí Linux làwọn tó ń ṣe òjóró ń gbà wọlé. Ọdún yẹn kan náà ni Riot gbé Vanguard sínú League of Legends, tí àwọn tó ti ń fi Wine gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún sì bá ara wọn níta.

Mo gbọ́ ẹjọ́ wọn. Òjóró ń lé èèyàn kúrò nídìí géèmù, àwọn tó wà lórí Linux sì kéré. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ọlọ́dẹ yẹn, òjóró ò tán lórí Windows, Counter-Strike 2 sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux láìwọ kernel ẹnikẹ́ni. Èyí tó tilẹ̀ ká mi lára jù ni yàrá inú yẹn. Ní oṣù Keje 2024, àtúnṣe kan tó ní àṣìṣe láti CrowdStrike, sọ́fítíwíà ààbò tó ń wọ kernel bẹ́ẹ̀ náà, dá kọ̀ǹpútà Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 dúró, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ò sì gbéra lọ́jọ́ náà. Ààbò àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá nìyẹn o. Kí ló wá dé tí eré lásán á fi ní kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan náà?

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. DXVK tuntun ń béèrè Vulkan 1.3. Intel ìran kẹrin, ti 2013, Vulkan rẹ̀ ò pé. Linux á yá lórí rẹ̀ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n géèmù ńlá á fi ojú yín rí màbo. Ìran kẹfà àti ìkeje ló bọ́ sí i jù: yàtọ̀ sí díẹ̀ nínú ìkeje, Windows 11 ò gbà wọ́n, Vulkan wọn sì pé. Ẹ tún ṣọ́ dátà yín. Steam máa ń wa shader sílẹ̀ fún géèmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tó ń kun àwòrán, á sì tún máa wa òmíràn lóòrèkóòrè. Tó bá jẹ́ dátà fóònù lẹ fi ń ṣe é, ẹ pa á nínú Settings. Géèmù lè máa dá dúró díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ dátà yín á dúró.

Kẹ́ ẹ tó pa Windows rẹ́, ẹ kọ orúkọ géèmù márùn-ún tẹ́ ẹ ń gbá jù sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọn lórí ProtonDB, níbi tí àwọn tó ti dán an wò ti ń sọ bó ṣe rí fún wọn. Tó bá jẹ́ eré tẹ́ ẹ ń dá gbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ máa kó lọ. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ rọra o: láti FIFA 23 ni EA ti gbé ọlọ́dẹ tiwọn sí i, kò gba Linux, bẹ́ẹ̀ náà ni EA Sports FC tó tẹ̀ lé e. Fún ìyẹn, ẹ fi Windows sílẹ̀ ní apá kan dísíìkì náà títí EA á fi yí ọkàn padà.