Ìgbì Tí Ọkọ̀ Rẹ Fi Sílẹ̀ Lẹ́yìn

Àkókò ìsinmi kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gba afẹ́fẹ́ ní etíkun. Nítorí náà ni a ṣe rò ó pé ó yẹ kí a bá ara wa sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí lórí ìwà tí ó tọ́ sí ọmọlúwàbí nígbà tí ó bá wà lórí omi tí èrò pọ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ jókòó lórí àga onídàájọ́: ẹ̀bi tiwa ni a ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 2024, ẹgbẹ́ wa háyà ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan láti Marina lọ sí Tarkwa Bay. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ omi ni í gbé èrò dé ibẹ̀, àti pé ògiri òkúta tí a fi dí ìgbì òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ni ó mú kí omi ibẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré létí rẹ̀. Kí a tó ṣí, atukọ̀ pín ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó, èyí tí wọ́n ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, fún olúkúlùkù wa. Àwa wo ẹ̀wù náà, a wo agbádá funfun wa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sítáàṣì sí, a sì fi ẹ̀wù náà ṣe tìmùtìmù lábẹ́ ìdí wa. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wò wá, òun náà sì bọ́ tirẹ̀. A rí i, a kò sì sọ nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí a ti ń padà bọ̀, omi kún fún ọkọ̀. Ọkọ̀ àwọn apẹja, ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ fàájì àwọn ọlọ́lá, àti ẹ̀rọ kéékèèké tí a ń gùn bí alùpùpù, gbogbo wọn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọkọ̀ ńlá kan sì ń bọ̀ láti òkun, ó ń lọ sí Àpápá. Níwájú wa, bàbá àgbàlagbà kan àti ọmọdékùnrin kan ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré, àwọ̀n wọn sì wà láàrin ọkọ̀. Lójijì ni ọkọ̀ méjì tí ó kún fún ọ̀dọ́ àti orin kọjá lọ fìà, tí wọ́n ń bá ara wọn sáré ìje. Wọn kò fara kan wa. Wọn kò fara kan bàbá náà. Ìgbì tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó dé bá wa. Ó gbé ọkọ̀ wa sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ wa ṣí kúrò ní ìjókòó, bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ wa bà á ní etí aṣọ rẹ̀, omi ni ì bá gbé e lọ. Nígbà tí a sì gbé ojú sókè, ọkọ̀ bàbá náà ti dojú dé.

Atukọ̀ wa kò pariwo. Ó ní kí ẹnìkan na ọwọ́ sí ọmọdékùnrin tí ó wà nínú omi, kí ó má sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ rárá. Ó yí ọkọ̀ lọ́ra lọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó sì pa ẹ́ńjìnnì kí irin tí ń yí lábẹ́ rẹ̀ má bàa ṣe wọ́n léṣe. Bàbá náà di ọkọ̀ tí ó dojú dé mú ṣinṣin, kò gbìyànjú láti lúwẹ̀ẹ́ lọ sí etí omi. Ọgbọ́n tí ó gbà á là nìyẹn. A fa àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀ wa. A kígbe pe àwọn ọ̀dọ́ náà. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n sì juwọ́ sí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n ṣe bí ẹni pé a ń kí wọn ni.

“Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu,” ni a wí. Bàbá náà nu omi kúrò lójú, ó sì dáhùn pé, “Ọ̀gá, ẹ má bú wọn. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ni ó ṣe é.” Àwọ̀n rẹ̀ ti bá omi lọ.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà. Lórí ilẹ̀, ẹni tí ó bá fi èjìká gbá ọ yóò rí ọ, yóò sì lè tọrọ àforíjì. Lórí omi, ẹ̀yìn wa ni ibi tí a ṣe ń hàn sí, nígbà tí àwa ti kọjá lọ. Nítorí náà, ìwà rere àkọ́kọ́ lórí omi ni kí ènìyàn máa bojú wẹ̀yìn. Ìgbì tí ọkọ̀ rẹ fi sílẹ̀, tìrẹ ni, gẹ́gẹ́ bí ajá rẹ ti jẹ́ tìrẹ nígbà tí ó bá bu aládùúgbò jẹ.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé bí àwọn bá ti dín eré kù díẹ̀, ìgbì náà ti dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí imú ọkọ̀ bá gbé sókè tí ìdí rẹ̀ sì rì, tí kò sáré tán tí kò sì rọra tán, ìgbà náà gan-an ni ó ń ti omi jùlọ. Kí a dín eré kù kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ kékeré, títí imú ọkọ̀ wa yóò fi sọ̀ kalẹ̀ tí ọkọ̀ yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi. Èyí ni ìkíni tí apẹja mọ̀. Bí ìgbì bá sì ń bọ̀ wá bá ọ nínú ọkọ̀ kékeré, kọ imú sí i ní ìdábùú díẹ̀. Má ṣe kọ ẹ̀gbẹ́ sí i.

Kò sí ìlà tí a fi ọ̀dà kùn lójú omi, kò sì sí bíréèkì nínú ọkọ̀. Nítorí náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fohùn ṣọ̀kan ní ọdún 1972 lórí òfin ìpàdé ọkọ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1977. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bá kọjú sí ara wọn, kí olúkúlùkù yà sí ọ̀tún. Bí ọ̀nà wọn bá fẹ́ dábùú ara wọn, ẹni tí ó rí ẹnìkejì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kí ó yẹra, kí ó má sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀ ni kí ó jìnnà sí i. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni í yẹra fún ọkọ̀ tí ó ta ìgbòkun, gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn oníyanrìn ń lò lórí ọ̀sà wa. Ní ọ̀nà omi tóóró, kí ọkọ̀ kékeré má ṣe dí ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́, nítorí ọkọ̀ ńlá kò lè kúrò nínú ibi jíjìn, kò sì lè dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ń darí rẹ̀ lókè kò tilẹ̀ lè rí ọ bí o bá wà lábẹ́ imú rẹ̀.

Fèrè ọkọ̀ pẹ̀lú ní èdè tirẹ̀. Ẹyọ kan kúkúrú wí pé, “Mo ń yà sí ọ̀tún.” Méjì wí pé, “Mo ń yà sí òsì.” Mẹ́ta wí pé, “Ẹ́ńjìnnì mi ń fà sẹ́yìn.” Márùn-ún wí pé, “Ohun tí o ń ṣe kò yé mi.” Ẹni tí ó bá ń fun fèrè fún eré ń purọ́ lójú omi nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná pupa wà ní òsì ọkọ̀, ti àwọ̀ ewé sì wà ní ọ̀tún. Bí o bá rí méjèèjì pọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ gan-an ni ó dojú kọ.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ní òru 20 Oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ọkọ̀ fàájì kan tí a ń pè ní Marchioness gbé àwọn tí ń ṣe àríyá ọjọ́ ìbí lórí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ akóyanrìn kan, Bowbelle, kọlù ú, ó sì rì. Ènìyàn 51 ni ó kú. Ìlú tí ó ní òfin, tí ó ní iná, tí ó sì ní ọlọ́pàá omi ni. Àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà rí i pé a kò ṣọ́nà dáradára nínú ọkọ̀ méjèèjì. Ọdún 2002 ni a tó fi ọkọ̀ agbẹ̀mílà sí ojú odò náà ní ìmúrasílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù.

Ní ti ẹ̀yin èrò, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí ẹ sì so okùn rẹ̀. Àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, ti sọ ọ́ di dandan. Ti ọmọdé ni kí ẹ wá fún ọmọdé, nítorí ti àgbà lè gba orí rẹ̀ bọ́ sókè nínú omi.

Èkejì, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bí ohun tí ó yani lẹ́nu bá wà ní apá kan, kí gbogbo ènìyàn má ṣe rọ́ lọ síbẹ̀. Bí atukọ̀ bá wí pé ọkọ̀ ti kún, ẹ má ṣe bẹ̀ ẹ́ nítorí ìbátan yín kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fún atukọ̀ ní ọtí, bí ó ti wù kí inú yín dùn sí i tó. Bí ọkọ̀ bá ní okùn tí í pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí awakọ̀ bá ṣubú, ẹ béèrè bí ó ti so ó mọ́ ara.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe ju ọ̀rá omi sínú ọ̀sà. Ọ̀rá a máa lọ́ mọ́ irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ a sì kú sójú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá. Ẹni tí ó jù ú lè jẹ́ ìwọ ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó rì lè jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, níbi tí ẹ bá ti rí ohun tí a fi léfòó sójú omi lẹ́sẹẹsẹ, àwọ̀n ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí atukọ̀ yí i ká. Owó ilé ìwé ọmọ ẹnìkan ni.

Ẹgbẹ́ wa dáwó, a sì ra àwọ̀n mìíràn fún bàbá náà. Àwọn tí wọ́n jẹ gbèsè náà gan-an kò mọ̀ títí di òní pé àwọn jẹ ẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí wọn ń ka ìwé ìròyìn yìí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìbáwí ni a ń rán sí wọn. Ẹ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bojú wẹ̀yìn.

Ní ti àwa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, agbádá ni àgbà ń ṣọ́. Nísinsin yìí, búbá lásán ni a máa ń wọ̀ lọ sórí omi. Bí a bá sì ti dé èbúté, ọmọ wa a kúnlẹ̀, a sì wí pé, “Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín so okùn tiyín kí n tó so tèmi.” A kì í jiyàn. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.