Ẹ Má Dí Ihò Náà

Bí èèyàn bá ti ní òun fẹ́ kó fáìlì láti orí kọ̀ǹpútà òde òní lọ sínú ZX Spectrum, ẹnì kan á ti sọ pé iṣẹ́ ni ò sí lọ́wọ́ onítọ̀hún. Wọ́n á ní ṣebí emulator wà, ètò tó ń sín kọ̀ǹpútà àtijọ́ jẹ lórí láptọ́ọ̀pù. Ẹ ṣí i, kí ẹ máa ṣeré yín. Mo gbọ́. Emulator dára, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká jọ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ná.

Ilé-iṣẹ́ Sinclair ló gbé Spectrum jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1982. Èyí tó ní 48K ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. 48K o! Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè ju ìyẹn lọ. Kò ní USB, kò mọ Wi-Fi. Ihò kékeré méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ MIC sí ọ̀kan, wọ́n kọ EAR sí ìkejì. Etí ni ẹ̀rọ náà fi ń jẹun. Inú kásẹ́ẹ̀tì lásán, irú èyí tí wọ́n ń gba orin sí, ni géèmù ń wà nígbà náà. Kásẹ́ẹ̀tì á máa han gooro, Spectrum á máa gbọ́.

Ó dà bíi gángan, àmọ́ kì í ṣe ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kà, gígùn àti kúkúrú ni. Ìró tó dúró fún 1 gùn ní ìlọ́po méjì ju èyí tó dúró fún 0. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá lè kọrin lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fáìlì TAP di WAV lórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ fi wáyà so ihò íápíìsì mọ́ EAR. Lórí Spectrum, ẹ tẹ J kí LOAD jáde, ẹ di SYMBOL SHIFT mú kí ẹ tẹ P lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ENTER. Ẹ wá jẹ́ kí WAV máa kọ, kí ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa. Tí ìlà pupa àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bá ń sáré létí tẹlifíṣọ̀n, ó ti ń gbọ́ yín nìyẹn. Géèmù tó kún 48K á gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá kọ "R Tape loading error", ẹ yí ohùn padà díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. (Ẹ má fi MP3 dán an wò o. MP3 máa ń gé ohun tó rò pé etí èèyàn ò nílò, etí Spectrum kì í sì í ṣe etí èèyàn.)

Ibi tí ìjà mi wà nìyí. Sinclair ta iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún Amstrad ní 1986. Onílé ti kó lọ tipẹ́, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà ṣì ń gba fáìlì tuntun lónìí, torí kì í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbọ́. Ẹ wá wo Nintendo. Wọ́n ti ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì Wii pa ní oṣù Kìíní 2019. Ní ti 3DS, láti oṣù Kẹta 2023 ẹ ò lè ra nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Géèmù tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń tà á ńkọ́? Ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ yín, owó wà lápò yín, ẹlòmíì ló mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Wọ́n á ní ihò EAR yẹn náà ló jẹ́ káwọn ọmọ ilé-ìwé máa da géèmù kọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí owó fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Òótọ́ ni, ó sì dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ń gbó. Géèmù tí emulator yín ń ṣí lónìí, ibo lẹ rò pé ó ti wá? Ẹnì kan ló jókòó ti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, tó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tó gba ariwo yẹn sílẹ̀ kó tó pa rẹ́. Ká ní wọ́n ti dí ihò náà ni, kí lẹ fẹ́ sín jẹ?

Ní 2016, Apple yọ ihò íápíìsì kúrò lára iPhone 7, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ti tẹ̀ lé wọn. Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè: tí ilé-iṣẹ́ yín bá kógbá sílé lọ́la, ibo ni mo máa gbà fi fáìlì tèmi sínú rẹ̀?